Ìkéde Lórí Iye Ìgbà Tí A Ó Ki Ọwọ́ Bọ Igbá Ọba

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Apá, igba ilé, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń pọnmi, kó sọ korobá kalẹ̀! Ẹni tó ń wẹ̀, kó ṣan ọṣẹ kúrò lójú kó jáde! Ẹni tó ń sùn, kí aya rẹ̀ jí i! Bí kò bá láya, kí ewúrẹ́ rẹ̀ jí i!

Kábíyèsí Olókè kí yín. Ó ní ìkéde tí ẹ gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ dá a padà! Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀, ẹ má kà á mọ́! Adágún pẹ́pẹ́yẹ tí a ní kí ẹ gbẹ́, ẹ ti gbẹ́ ẹ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ lọ dí i!

Kábíyèsí mọ̀ pé ẹ ó bèèrè ìdí. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá bèèrè ìdí, ìtanràn ni. Lónìí, Kábíyèsí ní kí akéde rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní gbangba, kó má fi ẹnikẹ́ni bò, kódà kó jẹ́ Ọ̀tún. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n ó lójútùú.

Gbogbo yín lẹ mọ Adùnọlá, Ìyá Ṣiyanbọ́lá, tó ń ṣọ́ táǹkì omi òjò wa lórí òkè. Ọdún kọkànlá rèé tí kọ́kọ́rọ́ táǹkì ti wà létí ìró rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ló kà, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan náà títí yóò fi mọ ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ó ti tú ẹnu ẹ̀rọ omi yẹn palẹ̀ nígbà mẹ́ta láti mọ ìdí tó fi ń jò. Ìgbà kẹta ló mọ̀ ọ́n. Kò jò mọ́.

Lọ́dún yìí, Ṣiyanbọ́lá ọmọ rẹ̀ lóyún, oyún àkọ́kọ́. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ọmọ náà yóò dé, ìgbà tí ìsàlẹ̀ táǹkì máa ń dún kango bí a bá kàn án. Bí omi òkè bá tán kí òjò tó rọ̀, Odò Arè nìkan ló kù fún wa. Ìrìn wákàtí méjì ni, omi rẹ̀ sì pọ́n bí ilẹ̀ tó ń gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ fi omi Arè wẹ ọmọ tuntun lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ rántí bí ara àwọn ọmọ náà ṣe sú wìrìwìrì, tí wọn kò jẹ́ kí ẹ sùn. Adùnọlá ló bá yín gbé ọmọ náà jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ti pinnu pé ọmọ-ọmọ òun kò ní fara kan omi Arè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí àna Kábíyèsí gbé pẹ́pẹ́yẹ méjìlá wá fún un.

Ará ìlú, pẹ́pẹ́yẹ ọba kò ṣe é wẹ̀ nínú basíà! A gbìyànjú rẹ̀. Basíà kan gba méjì lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́wàá tó kù a tò sẹ́yìn, wọ́n á máa pariwo. Àlejò dé láti ìlú mìíràn, ó rí ìtò náà, ó bèèrè bóyá owó orí ni wọ́n fẹ́ san. Inú Kábíyèsí bàjẹ́. Ó pàṣẹ pé kí a gbẹ́ adágún sẹ́yìn ààfin, kí a sì bu ẹgbàáta korobá omi sí i láti inú táǹkì, ní ọjọ́ ọjà tí a bá fẹ́ ṣí táǹkì fún ìlú.

Adùnọlá kò sọ pé rárá. Kò sí ẹni tí í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọba. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ mọ̀ bóyá omi yóò ṣẹ́ kù. Ó fi ọ̀pá wọn inú táǹkì: ọ̀kẹ́ mẹ́ta korobá ló wà níbẹ̀, ó lé ẹgbàáta. Láti ọjọ́ tí a ó ṣí i sí ọjọ́ tí òjò máa ń dúró dáadáa, àádọ́ta ọjọ́ ni. Bí ìlú bá ń lo ẹgbẹ̀fà korobá lóòjọ́, ọ̀kẹ́ mẹ́ta gan-an ni yóò lọ, ẹgbàáta yóò sì kù fún pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀fà ni? Láti ọdún tó kọjá, ọgọ́ta ilé tuntun ló ti kún wa, omi ìkòkò ilé yín lẹ sì ṣì ń bù. Ohun tí ìlú lò lọ́dún tó kọjá kò lè sọ tọdún yìí.

Bí ó bá ní kí òun ka igba ilé, ọjọ́ kan fún ilé kan, igba ọjọ́ ni. Òjò yóò ti rọ̀ tán, ọmọ Ṣiyanbọ́lá yóò ti máa rákò. Nítorí náà ó kó orúkọ ilé gbogbo sínú àpò, ó di ojú, ó fa ogún yọ. Ogún ọjọ́ gbáko ni ó fi gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kiri. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, tí yóò máa ka korobá tí wọ́n bù. Nílé Bàbá Fágbèmí, korobá méjì ni, nítorí Bàbá ní ìwẹ̀ àwẹ̀jù ló ń sọ àgbà di aláìlera. Nílé Akínṣìkù, mọ́kànlá ni, nítorí ó ń fọ alùpùpù rẹ̀ lárọ̀ọ́, ó ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó sì ń fọ̀ ọ́ bí àdúgbò bá ń wò ó.

Ó ṣírò ogún ilé náà pọ̀: ọgọ́fà korobá. Ogún ilé ni ìdámẹ́wàá igba ilé. Ọgọ́fà lọ́nà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀fà! Gẹ́lẹ́ bí ààfin ṣe ń fẹ́ ẹ!

Inú gbogbo ààfin dùn. Inú Adùnọlá kò dùn. Ohun tó ń rò ni pé àpò ló fún òun ní Akínṣìkù kan. Bí ó bá jẹ́ méjì irú rẹ̀ ló fún òun ńkọ́? Tàbí tí kò fún òun ní ìkankan? Ìlú yóò wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ọgọ́fà yóò ti di nǹkan mìíràn. Ó fẹ́ mọ bí nọ́ńbà náà ṣe lè yẹ̀ tó.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa! Ó gé ègé igi ogún, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀bẹ fá ìlà sí ara wọn: ìlà méjì sí ti Bàbá Fágbèmí, ìlà mọ́kànlá sí ti Akínṣìkù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó wọn sínú igbá. Ó di ojú, ó mú ọ̀kan, ó ka ìlà rẹ̀, ó dá a padà, ó mi igbá, ó tún mú. Nígbà tó mú u nígbà ogún, ó ṣírò ìlà gbogbo pọ̀. Bí ó ti ń dá a padà yẹn, ilé kan lè jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn lè má jáde rárá. Ó dà bí ẹni pé ó tún gbé àpótí rẹ̀ rin ìlú ní ogún ọjọ́ mìíràn, láì dìde nídìí ààrò. Ó ṣe é nígbà mélòó kan nínú ilé rẹ̀. Ìgbà kan fún un ní mọ́kànléláàádọ́fà, ìgbà kan mẹ́tàdínláàádóje, ìgbà kan mọ́kàndínlọ́gọ́fà. Ó yẹ̀ síhìn-ín, ó yẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin kan ṣe nídìí ààrò rẹ̀ kò lè di àṣẹ ìlú. Ó di igi ogún náà sínú aṣọ, ó fi rán akéde yìí sí ìgbìmọ̀. Akéde jẹ́ iṣẹ́ náà láì yọ ọ̀rọ̀ kan: ẹ mú, ẹ kà, ẹ dá a padà, ẹ mi igbá, ẹ tún mú, ó di ogún, ẹ ṣírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà mélòó ni kí a tún bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn ni Adùnọlá kò sọ, ìgbìmọ̀ sì fi odidi ọjọ́ kan jà lé e lórí. Balógun ní méje ni, nítorí gbogbo nǹkan gidi, méje ni. Ọ̀tún ní ìlú tó bá ṣe é ní méje, ìlú tálákà ni, ẹgbàárùn-ún ìgbà ni tòun. Nígbà tí ohùn Ọ̀tún ti há, tí Balógun kò sì yí padà, Kábíyèsí ní ó tó. Igba ilé ni a jẹ́. Igba ìgbà ni kí a ṣe é. Gbogbo wọn yìn ín. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí iye ilé fi kan iye ìgbà.

Wọ́n gbé Igbá Ọba jáde. Ẹ̀yin náà mọ òfin Igbá Ọba: ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde kì í padà síbẹ̀ títí ìjókòó yóò fi tú, nítorí ọba kì í mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Akéde rán wọn létí pé obìnrin náà ní kí wọ́n máa dá igi padà. Ọ̀tún fèsì pé ẹni tó ń ṣọ́ táǹkì kò lè mọ àṣà igbá. Ó mú igi kan, ó kà á, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó mú ìkejì, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni títí igbá fi ṣófo. Ó ṣírò: ọgọ́fà! Wọ́n tú ìjókòó ká, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí, wọ́n kó igi padà sínú igbá, wọ́n ṣí ìjókòó mìíràn, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, wọ́n tún mú. Ọgọ́fà! Wọ́n tún un ṣe. Ọgọ́fà! Igba ìjókòó láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Igba ọgọ́fà! Orúnkún Balógun wú bí ìkòkò.

Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Nọ́ńbà tí kò yẹ̀ rí, ta ló tún rí irú rẹ̀? Akéde jáde lọ́jọ́ kejì, ó ké e fún yín bí wọ́n ṣe ní kó ké e. Ẹ ṣì rántí. Kìíní, omi ìlú jẹ́ ẹgbẹ̀fà lóòjọ́, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ìkejì, a ó bu ẹgbàáta sí adágún. Ìkẹta, ẹni tó bá pe nọ́ńbà mìíràn, yóò gbé pẹ́pẹ́yẹ pọ̀n yí ìlú ká nígbà igba.

Adùnọlá wà lórí òkè, ó ń fi símẹ́ńtì dí ojú ibi kan tó sán lára táǹkì, nígbà tí ìkéde náà gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Igba ìgbà, ọgọ́fà. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún un gbọ́. Òun ṣe tòun nígbà díẹ̀, kò jẹ́ iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Báwo ni tiwọn ṣe jẹ́ ọ̀kan ní igba ìgbà? Bí korobá bá wà lábẹ́ òjò tí kò kún, tí kò sì dín, ẹ má ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ korobá, ẹ wò ó bóyá ó dojú dé. Ohun tó wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ó fọ símẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ táǹkì mọ́ okùn abẹ́ ìró, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ọba kankan kò lè wá a dé, ó gba ọ̀nà ààfin lọ.

Ó kúnlẹ̀. Kò pe nọ́ńbà kankan, nítorí pẹ́pẹ́yẹ. Ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú igi náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun fojú rí i.

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ṣiyanbọ́lá, iṣẹ́ tó o rán wa la jẹ́. Ṣé nítorí pé kò bí ohun tó o ń fẹ́ ni?"

Wọ́n ṣí ìjókòó, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Balógun dúró ní tirẹ̀, nítorí orúnkún. Ọ̀tún mú igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ ẹ sórí ẹní. Adùnọlá wo igi inú igbá tó ń dín kù. Kí ó tó di ẹyọ kẹwàá, ó ti rí i. Ó ní sùúrù títí ẹyọ ogún fi pé.

"Ọgọ́fà," ni Ọ̀tún wí, bí ẹni tó bí i.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni Adùnọlá wí, "ogún igi ló wọlé, ogún náà ló jáde. Kò sí bó ṣe máa jẹ́ nǹkan mìíràn. Ẹ lè mú u títí irun orí mi yóò fi funfun, ọgọ́fà náà ni. Igi kan náà lẹ kà nígbà igba."

Balógun wo orúnkún rẹ̀.

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ṣé ohun tó o ń sọ ni pé kò sí omi fún pẹ́pẹ́yẹ mi?"

"Kábíyèsí, ohun tí mò ń sọ ni pé a ò tíì mọ̀. A kàn dọ̀bálẹ̀ púpọ̀ ni."

Ará ìlú, ẹ wo ibi tí obìnrin náà wà. Ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀ ni pé ọmọ mi ń bọ̀ wá bímọ, ẹ fún mi lómi. Kò sọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò ní òun ló ń wá omi tara òun. Ó mú ẹnu rẹ̀ mọ́ igi àti igbá.

Ọ̀tún ní òfin Igbá Ọba kò ní yẹ̀ nítorí ègé igi, ohun tó bá jáde kò gbọdọ̀ wọlé. Adùnọlá náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọ̀tún ki ọwọ́ bọ igbá, kó di igi kan mú, kó má mú un jáde. Ìlà ló wà lára igi, àtàǹpàkò sì mọ ìlà kà. Kó fi àtàǹpàkò ka ìlà nínú igbá lọ́hùn-ún, kó pe iye rẹ̀, kó jù ú sílẹ̀, kó ro igbá pọ̀, kó di òmíràn mú. Igi kò jáde, àṣà kò bàjẹ́. Kábíyèsí wo igbá náà pẹ́. Ó ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe jẹ́ mẹ́rìndínláàádóje. Ìkejì jẹ́ méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Ẹnu ya ìgbìmọ̀ bí ẹni pé igbá sọ̀rọ̀.

Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ lórí iye ìgbà. Balógun ní ó tó bẹ́ẹ̀, òun ti rí i. Ọ̀tún, tó fẹ́ gba iyì rẹ̀ padà, tún ní ẹgbàárùn-ún. Adùnọlá ní kí wọ́n má fi ẹnu yan iye, kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é ní ogójì ogójì. Kí wọ́n to àbábọ̀ rẹ̀ láti kékeré sí ńlá, kí wọ́n yọ ẹyọ kan lókè àti ẹyọ kan nísàlẹ̀ nínú ogójì kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn wọ̀nyẹn ni olóríkunkun. Ibi tí èyí tó kù bá parí sí lókè àti nísàlẹ̀, etí rẹ̀ nìyẹn. Etí òkè ni kí wọ́n ṣọ́, nítorí òun ló lè gbẹ táǹkì.

Ogójì àkọ́kọ́, etí òkè wà ní àádóje. Ọ̀tún fò sókè, ó ní ó ti parí. Ó di ọgọ́rin, etí náà fò lọ sí mẹ́rìnlélógóje. Ọ̀tún jókòó. Ó di igba, ó sọ̀ wá sí mẹ́tàdínlógóje. Ó di irinwó, ogóje. Ó di ẹgbẹ̀ta, ogóje. Ó di ẹgbẹ̀rin, ogóje! Etí ìsàlẹ̀ náà ti jókòó sí ọgọ́rùn-ún, kò mira. Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn, àwọn ìjòyè ń gbà á fún ara wọn, àtàǹpàkò gbogbo wọn ti bó. Adùnọlá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ọ̀tún ní kí a ṣe é dé ẹgbàárùn-ún, bóyá etí méjèèjì yóò súnmọ́ ara wọn. Adùnọlá dá a lóhùn jẹ́jẹ́: "Bàbá, mímì igbá kì í bí igi. Ogún ilé la bi. Bí ẹ bá fẹ́ kí etí wọn súnmọ́ra, ẹ gbé àpótí, ẹ lọ bi ilé mìíràn."

Kí ni ogóje wí? Ogóje lọ́nà mẹ́wàá, egbèje korobá lóòjọ́! Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, táǹkì yóò gbẹ ní ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, òjò yóò ku ọjọ́ mẹ́ta, bí pẹ́pẹ́yẹ kò tilẹ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi. Bí a bá fún pẹ́pẹ́yẹ ní ẹgbàáta, ọjọ́ kẹtàlélógójì ni a ó máa fi ìsàlẹ̀ táǹkì sọ ìtàn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí omi Arè! Kábíyèsí bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí. Adùnọlá ní òun kò mọ̀, ó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò bọ́gbọ́n mu kí ìlú máa fi ọ̀fun rẹ̀ dán an wò. Kábíyèsí yọ adé, ó nu iwájú orí, ó sì pàṣẹ.

Ẹ gbọ́ àṣẹ o! Ẹ gbọ́ àṣẹ o!

Àṣẹ kìíní! Kò sí ẹni tí yóò fi ẹnu yan iye ìgbà mọ́! A ó máa ki ọwọ́ bọ igbá ní ogójì ogójì. Bí ó bá ti ju igba lọ, tí a wo etí rẹ̀ nígbà mẹ́ta tí kò mira, a ó dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá dúró kí etí tó dúró, òpùrọ́ ni! Ẹni tó bá ń bá a lọ lẹ́yìn tí etí ti dúró, aláfẹfẹyẹ̀yẹ̀ ni! Ẹni tó bá ní méje nítorí pé méje ni, yóò ki ọwọ́ bọ igbá nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin, lóun nìkan!

Àṣẹ kejì! Ọwọ́ yóò wọ igbá lófìfo, ọwọ́ yóò jáde lófìfo! Ẹni tó bá mú igi jáde, kó jẹ ẹ́!

Àṣẹ kẹta! Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà tó dájú jù báyìí lọ, kó lọ ka korobá ní ilé mìíràn. Ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Alákàrà báyìí láti àárọ̀. Ẹ kí i bí ẹ bá ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ó ń kà.

Àṣẹ kẹrin! Pẹ́pẹ́yẹ ọba yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ wẹ̀ ní Odò Arè. Balógun yóò ṣáájú wọn bí orúnkún rẹ̀ bá ti wálẹ̀. Ẹ yà fún wọn lọ́nà!

Àṣẹ karùn-ún, kí ẹ gbọ́ èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ! Láti ọjọ́ tí a bá ṣí táǹkì, gbogbo ilé yóò dín korobá kan kù ní ọjọ́ méjì méjì. Kan ṣoṣo. Ààfin pẹ̀lú. Akínṣìkù, kí alùpùpù wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀! Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí etí òkè tilẹ̀ wá jẹ́ òótọ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje ni a ó máa lò lóòjọ́. Omi yóò dé ọjọ́ àádọ́ta, ẹgbẹ̀rún korobá yóò sì kù. Ẹgbẹ̀rún yẹn kì í ṣe ti ọba. Kì í ṣe ti ìjòyè. Ti ọmọ tuntun ni, ọmọ mẹ́fà tó ń bọ̀ kí òjò tó dé. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá bù ú, gbogbo ìyá ìlú ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀, ààfin kò ní gbà á sílẹ̀!

Àṣẹ kẹfà, ti akéde ni. Akéde kò gbọdọ̀ ké nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́. Etí méjèèjì ni kó máa ké. Bí ó bá ké ọ̀kan, kó gbé agogo sílẹ̀. Akéde ti gbọ́. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́.

Ó ku ohun kan, Kábíyèsí kò rán akéde ní èyí. Ilé akéde àti ilé Adùnọlá kọjú síra wọn. Nírọ̀lẹ́ àná ó délé, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lókùn abẹ́ ìró, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ṣiyanbọ́lá gbé ọwọ́ lé ikùn, ó bèèrè bóyá omi yóò tó.

"Yóò tó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Nínú ogójì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè yẹ̀ kọjá etí òkè."

"Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ńkọ́, Màámi?"

Adùnọlá tẹ̀ ba, ó gbé etí aṣọ ibùsùn sókè. "Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, mo ti ń dín omi ìwẹ̀ tèmi kù láti oṣù tó kọjá. Ìkòkò méjì nìyẹn lábẹ́ ibùsùn."

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ará ìlú!

Akéde Bísíríyù ló ké e. Ẹni tó gbọ́ ọ kò dín ní ọgọ́jọ, kò lé ní igba. Ẹ̀dà rẹ̀ yóò tún bọ́ sí etí yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, bí ọ̀fun bá gbà. Agogo ti simi, ẹ gbé korobá yín!